Ọ̀sẹ̀ Tí Ohun Gbogbo Jẹ́ Méje

Ọ̀sẹ̀ kẹfà lẹ́yìn tí ọkọ mi kú ni mo padà sẹ́nu iṣẹ́. Ibi iṣẹ́ mi ni yàrá tí a ti ń yẹ ilẹ̀ àti omi wò ní yunifásítì, níhìn-ín ní Ìkọ̀lé. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi dìde nígbà tí mo wọlé. Wọ́n ní, "Ẹ kú ara fẹ́ra kù. Ọlọ́run á tù yín nínú." Mo ní, "Ẹ ṣeun." Mo gbé báàgì mi kọ́, mo wọ aṣọ funfun iṣẹ́ lé aṣọ dúdú, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í fọ ife gíláàsì tí eruku ti bò.

N kò tíì sunkún. Mo fẹ́ sọ ìyẹn láti ìbẹ̀rẹ̀, nítorí òun ni àwọn ènìyàn ń sọ jù nípa mi lọ́dún náà. Tíṣà ni ọkọ mi, ìṣirò ló ń kọ́ àwọn ọmọ. Ibà la kọ́kọ́ pè é, ọjọ́ márùn-ún péré ló sì lò lórí àìsàn. Nígbà tí dókítà jáde sí mi, ó ń bọ́ ìbọ̀wọ́ rọ́bà lọ́wọ́. Ìbọ̀wọ́ náà lẹ̀ mọ́ ọn, mo sì ń wo bó ṣe ń fà á débi pé n kò gbọ́ ohun tó kọ́kọ́ wí. Níbi ìsìnkú, àwọn obìnrin ilé ọkọ mi ń ṣọ́ ojú mi. Mo gbọ́ tí ọ̀kan sọ fún èkejì pé ojú opó kì í gbẹ báyìí. Kì í ṣe pé ọkàn mi le. Ó dà bí ìgbà tí ènìyàn bá jókòó lé ẹsẹ̀ ara rẹ̀ pẹ́ jù: o mọ̀ pé ẹsẹ̀ rẹ ni, o fọwọ́ kàn án, kò dá ọ lóhùn.

Ìyá ọkọ mi wá láti Ìdó, ó ń bá mi gbé. Òun ló ń dáná, òun ló ń gbálẹ̀. Kò bá mi sọ̀rọ̀ ẹkún. Bí mo bá ń jáde láàárọ̀, á dúró sẹ́nu ọ̀nà, á ní, "Kí uṣẹ́ ó rọrùn o." Èmi náà á ní, "Àmín, mà."

Iṣẹ́ mi gan-an ni kí n máa wọn bí ilẹ̀ tàbí omi ṣe kan tó. Ahọ́n lè mọ̀ pé ọsàn wẹ́wẹ́ kan, ṣùgbọ́n kò lè sọ iye. Ẹ̀rọ ló ń sọ ọ́. Méje ni nọ́ńbà omi tí kò kan, tí kò sì ní ara eérú. Bí nọ́ńbà bá ń rẹlẹ̀ sí méje, nǹkan náà ń kan sí i. Bó bá ń gòkè, ó ń sún mọ́ omi eérú tí àwọn ìyá wa fi ń se ọṣẹ dúdú.

Ọ̀pá kan tó gùn tó bírò ìkọ̀wé ni ẹ̀rọ náà fi ń mọ̀. Púróòbù là ń pè é. Ní ìdí rẹ̀, gíláàsì róbótó kan wà, kékeré bí ẹyọ ẹ̀wà, tó fẹ́lẹ́ bí awọ àlùbọ́sà. Omi kan wà nínú rẹ̀ tí àwọn tó ṣe é ti wọ̀n sí méje gan-an. Bí o bá ti ìdí ọ̀pá náà bọ inú omi tí o kò mọ̀, omi inú àti omi òde kò ní fara kanra, nítorí gíláàsì wà láàárín wọn. Ṣùgbọ́n ohun tó ń mú omi kan, àwọn ẹyọ tín-ín-tìn-ìn-tín tí ojú kò lè rí, á lẹ̀ mọ́ awọ gíláàsì náà lóde, wọ́n á lẹ̀ mọ́ ọn nínú. Bí ti òde bá pọ̀ ju ti inú, tàbí tó kéré sí i, iná díẹ̀ á dìde láàárín méjèèjì, iná tí kò lè tan gílóòbù kankan. Iná yẹn ni ẹ̀rọ ń kà tó ń sọ di nọ́ńbà. Bí òde àti inú bá dọ́gba, kò sí iná. Ẹ̀rọ á pe méje.

Nítorí pé gíláàsì náà fẹ́lẹ́ tó bẹ́ẹ̀, òfin rẹ̀ pọ̀. Kò gbọdọ̀ gbẹ. Inú omi iyọ̀ ló ń gbé. Kò gbọdọ̀ kan ìdí ife. Láràárọ̀, kí a tó wọn ohunkóhun, a gbọ́dọ̀ fi sínú omi ìdánwò mẹ́ta tí a ti mọ iye wọn, mẹ́rin, méje àti mẹ́wàá, ká rí i pé ó ń sọ òótọ́. Mo ti kọ́ ọgọ́rọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ní òfin yìí. Mo ti lé ẹlòmíràn jáde nítorí rẹ̀.

Ní ọjọ́ Mọ́ńdè tí mo padà, mo ṣe é bó ṣe yẹ. Ní ọjọ́ Túsìdeè, bí mo ṣe ń gbé púróòbù sọ̀ sínú ife, ìdí rẹ̀ gbá ìsàlẹ̀. Ó dún kín. Mo gbọ́ ọ. Mo rántí pé mo gbọ́ ọ, mo sì ń bá iṣẹ́ mi lọ bí ẹni pé ìró náà wá láti ilé kejì. Ní Wẹ́sìdeè, n kò fi sínú omi ìdánwò kankan. N kò gbàgbé o. Mo kàn wo ìgò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta níbi tí wọ́n wà, n kò nawọ́ sí wọn.

Ọjọ́ yẹn ni bàbá kan wá láti Ayébòdé. Ó gbé omi kànga wá nínú gálọ́ọ̀nù epo tó ti fọ̀ mọ́. Òun ni wọ́n fi ṣe olórí àwọn tó ń mójú tó kànga àdúgbò wọn. Ó ní omi náà ń jẹ garawa. Garawa páànù tuntun tí wọ́n fi ń fà á kì í pẹ́ kó tó lu, omi náà sì dà bí irin lẹ́nu. Wọ́n ti ti kànga náà pa títí wọ́n á fi mọ ohun tó wà nínú rẹ̀.

Mo bu díẹ̀ sínú ife, mo rọ díẹ̀ sínú ìgò kan, mo dé e. Mo ti púróòbù bọ̀ ọ́. Ó pe méje.

Mo ní, "Bàbá, omi yín kò kan. Kò ṣe nǹkan kan."

Ó wo ojú ẹ̀rọ, ó wo ojú mi. "Kò ṣe nǹkan kan bí? Kí ló wá ń jẹ páànù?"

"Bóyá páànù náà ni kò dára."

"Ṣé ó dá ọ lójú, ọmọ mi?"

Mo ní ó dá mi lójú. Mo kọ ọ́ sínú ìwé, mo fọwọ́ sí i. Ó dúpẹ́, ó ká ìwé náà sápò, ó lọ.

Lọ́jọ́ kan náà àti lọ́jọ́ kejì, mo ń bá akẹ́kọ̀ọ́ kan wọn ilẹ̀ tó fẹ́ fi kọ ìwé àṣekágbá rẹ̀. Ọmọ Ẹ̀bìrà ni, láti Òkénè, ó sì gbọ́ Yorùbá ju àwọn kan tí a bí sí Èkìtì lọ. Ogójì ọ̀rá ilẹ̀ ló kó wá. Ó ti fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ wọ oko kọkó ní Ìpáò, ó wọ oko ẹ̀gẹ́, ó bu ti ẹ̀bá títì àti ti ibi tí wọ́n ti sun igbó. A ń po ọ̀kọ̀ọ̀kan mọ́ omi, mo ń pe nọ́ńbà, ó ń kọ ọ́. Ní ọ̀sán Tọ́sìdeè, bírò rẹ̀ dúró.

"Ẹ má bínú, mà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wo ìwé yìí."

Mo wò ó. Méje. Méje lé díẹ̀. Méje dín díẹ̀. Méje, láti òkè dé ìsàlẹ̀ ojú ewé, ó tún wọ ojú ewé kejì.

Ó ní, "Ibi tí wọ́n ti sun igbó, eérú ló kún ibẹ̀, mà. Ṣé ó lè jẹ́ ọ̀kan náà pẹ̀lú abẹ́ kọkó?"

Mo mọ ìdáhùn. Èmi ni mo kọ́ ọ. Mo kàn jókòó níbẹ̀. Ó lọ mú ọsàn wẹ́wẹ́ kan nínú báàgì rẹ̀, èyí tó ń lá nítorí ikọ́. Ó gé e sí méjì, ó fún un sínú ife, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì gbé ife náà síwájú mi. Mo ti púróòbù bọ̀ ọ́.

Méje.

Mo gbé gíláàsì náà síbi ìmọ́lẹ̀ fèrèsé, mo fi awò tó ń sọ nǹkan di ńlá wò ó. Ó ti sán. Ìlà kan, tóóró bí irun, láti ẹ̀gbẹ́ kan dé èkejì. Omi òde ti ń gba ibẹ̀ bá omi inú pàdé, ohunkóhun tí a bá fi sí, ẹ̀rọ kò ní rí ìyàtọ̀ kankan.

Mo dúró kí àyà mi já. Kò já. Mo rò ó bí ènìyàn ṣe ń ro ọ̀rọ̀ aládùúgbò: obìnrin kan fọ́ irinṣẹ́, kò yẹ̀ ẹ́ wò, ó fi ọwọ́ sí irọ́. Ọmọ náà wo ogójì ọ̀rá rẹ̀. Ó ní, "Mà, ìyẹn ni pé a ó tún gbogbo rẹ̀ ṣe?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Lẹ́yìn náà ni mo rántí bàbá Ayébòdé.

Púróòbù àtijọ́ kan wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù. Ó ti gbẹ. Mo rẹ ẹ́ sínú omi iyọ̀ di ọjọ́ kejì. Láàárọ̀ Fúráìdeè, mo fi sínú omi ìdánwò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ó lọ́ra, ó ń ronú pẹ́ kó tó pe nọ́ńbà, ṣùgbọ́n òótọ́ ló ń sọ. Omi bàbá náà ṣẹ́ kù díẹ̀ nínú ìgò tí mo dé. Mo wọ̀n ọ́n. Nọ́ńbà ń sọ̀ kalẹ̀, ń sọ̀ kalẹ̀, ó dúró lórí mẹ́rin àti díẹ̀. Mo tún un ṣe lẹ́ẹ̀mẹta.

Mo sọ fún ọ̀gá mi. Ó ní kí n tẹ̀ wọ́n láago. N kò ní nọ́ńbà wọn. Mo gun ọ̀kadà lọ sí Ayébòdé.

Kànga ti ṣí nígbà tí mo débẹ̀. Obìnrin mẹ́ta ń pọnmi, ọ̀kan nínú wọn pọn ọmọ sẹ́yìn. Bàbá náà jókòó lábẹ́ páànù iwájú ilé rẹ̀. Ó rí mi, ó rẹ́rìn-ín, ó pe ìyàwó rẹ̀ kó gbé àga wá. N kò jókòó. Mo kúnlẹ̀, mo sì sọ ọ́ lórí ìkúnlẹ̀.

Mo ní, "Bàbá, èsì tí mo fún yín kò tọ́. Omi yín kan, ó kan gan-an. Ẹ tún kànga yẹn tì, ẹ jọ̀ọ́."

"O sọ pé ó dá ọ lójú."

"Mo sọ bẹ́ẹ̀, sà. Gíláàsì ẹ̀rọ ti sán. Mi ò yẹ̀ ẹ́ wò."

Obìnrin tó pọn ọmọ ti súnmọ́ wa. "Omi yìí ni mo fi ń ro ẹ̀kọ fún un láti àná," ó wí. "Ẹ̀yin lẹ kọ ìwé pé ó dára."

Mo ní èmi ni. Mo sọ fún un pé kíkan nìkan kò tó láti ṣe ọmọ lọ́ṣẹ́ láàárín ọjọ́ kan, ṣùgbọ́n omi tó kan ń wú ohun tó wà nínú irin àti páànù jáde, òun la kò fẹ́ kó mu. Kó da èyí tó kù nù. Kó gbé ọmọ lọ sí ilé ìwòsàn kí ọkàn rẹ̀ lè balẹ̀. Ó pòṣé, ó yí padà, ó da garawa rẹ̀ nù sẹ́bàá ọ̀nà, ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ ń sùn.

Bàbá náà wo aṣọ dúdú mi. Ó ní, "Ta lo wọ dúdú fún?"

"Ọkọ mi, sà."

"Ìgbà wo ni?"

"Ó ń lọ sí oṣù méjì."

Ó mi orí. Ó ní, "Dìde nílẹ̀." Kò sọ pé kò burú. Ó gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ ìyàwó rẹ̀, ó lọ ti kànga pa, èmi náà sì tẹ̀ lé e láti bu omi tuntun lọ.

Wọ́n fún mi ní kúẹ́rì níbi iṣẹ́. Mo dáhùn rẹ̀ lójú ewé kan, n kò fi ikú ọkọ mi sínú rẹ̀. A fi omi náà ránṣẹ́ síbi tó ní ẹ̀rọ tó tóbi ju tiwa lọ, wọ́n ní kò sí májèlé nínú rẹ̀, òkúta tó wà nísàlẹ̀ ilẹ̀ ibẹ̀ ló mú un kan. Ọmọ obìnrin yẹn kò ṣàìsàn. Àwọn ará àdúgbò da òkúta ẹfun wẹ́wẹ́ sínú kànga. Mo ń lọ wọn omi rẹ̀ fún wọn lóṣooṣù, ó ti ń gòkè sí mẹ́fà, wọ́n sì ń fi garawa rọ́bà fà á. Akẹ́kọ̀ọ́ mi tún ogójì ọ̀rá rẹ̀ wọ̀n láti ìbẹ̀rẹ̀. Láràárọ̀, ó ń dúró tì mí títí mo fi ti púróòbù bọ omi ìdánwò tán. N kò bá a wí nítorí rẹ̀.

Nígbà tó di pé ìyá ọkọ mi fẹ́ padà sí Ìdó, mo bá a di ẹrù rẹ̀. Ó jókòó sẹ́bàá ibùsùn, ó ń ká aṣọ.

Ó ní, "Wọ́n ń bi mí nígbà gbogbo bóyá o ti sunkún."

"Kí lẹ ń sọ fún wọn, mà?"

"Mo ní mi ò gbé ulé náà láti ṣọ́ ojú rẹ." Ó fi aṣọ kan lé èkejì. "Ọmọ mi fẹ́ràn rẹ. Ìyẹn ni mo mọ̀."

Mo ní, "Ẹ ṣeun, mà." Mo ronú pé ó yẹ kí n sọ nǹkan mìíràn. Mo bá a ká aṣọ tó kù.

Mo sìn ín dé gáréèjì. Iwájú ọkọ̀ ló jókòó sí, ó gbé báàgì lé itan. Nígbà tí ọkọ̀ kún, ó na ọwọ́ jáde lójú fèrèsé, mo dì í mú díẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ gbóná, ó sì le. Ọkọ̀ lọ. Aago mẹ́jọ ń lù, mo gun ọ̀kadà lọ síbi iṣẹ́.