Àgbà Tó Ń Sáré ní Baga Road

Ẹ sún mọ́ra, kí ẹni tó dúró lẹ́nu ọ̀nà lè ráàyè jókòó. Ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n mi ni, òun tó ń ta obì gbànja ní Maiduguri, tí àwọn ọmọ rẹ̀ ń fi Hausa kí i láàárọ̀, tí òun ń fi Yorùbá dáhùn.

Obì kì í fẹ́ ìgbàgbé. Bí ewé tí a fi dì í bá gbẹ, a ó tú apẹ̀rẹ̀, a ó ṣa èyí tí kòkòrò ti wọ̀, a ó fi ewé tútù dì í padà. Lọ́dún kan, ẹ̀gbọ́n mi gbàgbé. Apẹ̀rẹ̀ kan jẹrà, òmíràn tẹ̀lé e. Àwọn ará ilé bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́ lábẹ́lẹ̀ pé kí wọ́n gba ṣọ́ọ̀bù lọ́wọ́ rẹ̀, kí wọ́n gbé e lọ sí ìlú wa, níbi tí kò ti mọ ẹnikẹ́ni mọ́.

Àna rẹ̀, ọkọ àkọ́bí rẹ̀ obìnrin, ń kọ́ni ní yunifásítì. Ó ní, "Bàbá, ẹ máa rìn kíákíá láràárọ̀, kí àyà yín máa lù kìkì. Bí a ti ń dàgbà ni ọpọlọ ń súnkì. Irú ìrìn bẹ́ẹ̀ ń gbé ẹ̀jẹ̀ lọ síbẹ̀, kì í jẹ́ kó tètè súnkì. Kò lè sọ yín di ọ̀dọ́ o."

Mo wò ó. Ta ló ń sọ pé kí àgbà máa sáré, bí kò ṣe ẹni tó fẹ́ kó tètè kú, kí ṣọ́ọ̀bù lè bọ́ sí ìyàwó òun lọ́wọ́?

Ẹ̀gbọ́n mi gbà. Lẹ́yìn ìrun àsùbáà, ó ká aṣọ sókè, ó di Baga Road, níbi tí wọ́n ti ń ta ẹja. Ẹ ṣáà mọ̀ pé àgbàlagbà kì í sáré lásán: bí kò bá lé nǹkan, nǹkan ń lé e. Bí àwọn ẹlẹ́ja ti rí i tó ń ju apá bọ̀, wọ́n dìde.

"Alájì, lafiya? Kí ló dé?"

Èémí kò jẹ́ kó dáhùn. Wọ́n bá palẹ̀ ẹja mọ́, àwọn náà sáré. Obìnrin kan gbé agbọ̀n ẹja gbígbẹ rù, ó gba ẹ̀gbẹ́ ẹ̀gbọ́n mi kọjá fìrì, ó ń pariwo pé iná ń bọ̀.

Kí oòrùn tó mú, wọ́n ti gbọ́ nílé wa ní àdúgbò Bulabulin pé orí Alájì ti dàrú. A ṣèpàdé. Àbúrò wa obìnrin ní, "Ẹ gbé e lọ sí ìlú wa lọ́sẹ̀ yìí."

Ẹ̀gbọ́n mi dojú kọ mí. "Ìwọ tó ń fura sí gbogbo ayé, máa bá mi rìn. Bí obì mi bá tún jẹrà kí ọyẹ́ tó lọ, fúnra rẹ ni kó o gbé mi wọ mọ́tò."

Mo gbà, kí n lè máa ṣọ́ ọ. "Gbẹ́sẹ̀, ìwọ apẹ̀rẹ̀ ńlá yìí!" ló ń pè mí, èmi àbúrò. Mo ń mí hẹlẹhẹlẹ, òun ń tàkúrọ̀sọ. Ó ṣì ń fi orúkọ ẹ̀gbọ́n wa tó ti kú pè mí nígbà mìíràn. Ṣùgbọ́n ó ń tú apẹ̀rẹ̀ lásìkò. Ọyẹ́ lọ, obì kò jẹrà. Tèmi ni pé ẹ̀rù pé wọ́n fẹ́ gbé e lọ ló là á lójú, kì í ṣe ìrìn. Ta ló lè já mi nírọ́? Kò ṣáà sẹ́ni tó tún dárúkọ mọ́tò.

Ó pẹ́ lẹ́yìn ìyẹn kó tó kú, lórí ibùsùn ara rẹ̀ ní Bulabulin. Ṣọ́ọ̀bù di ti àwọn ọmọkùnrin, ilé di ti àwọn ìyàwó àti àwọn ọmọbìnrin. Bùbá rẹ̀ kàn mí, ó há mi níkùn. Ìrìn ti sọ ẹ̀gbọ́n mi di tẹ́ẹ́rẹ́. Àna wa ní òun kò fẹ́ nǹkan kan nínú ogún náà. Mo ṣì ń retí ọjọ́ tí yóò béèrè.