Ilé Ìwé Tí Bàbá Mi Ní Wọn Ò Tíì Parí

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, ẹ foríjì mí o. Orí mi ti ń jò bíi páànù ilé àtijọ́. Ohun tí mo bá kó sí i láàárọ̀, kó tó dìrọ̀lẹ́, ó ti lọ. Ṣùgbọ́n òórùn kan wà tó kọ̀ tí kò lọ: òórùn ògiri tuntun láàárọ̀ kùtù, tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ da omi sí. Iṣẹ́ ilé rírẹ́ ni bàbá mi ń ṣe ní Ìta Fájì. Èyí tó bá rẹ́ lánàá, èmi ni mo máa ń fi igbá bu omi wọ́n ọn láàárọ̀ kó má baà là. Ó máa ń rùn bíi òjò àkọ́rọ̀, pẹ̀lú sìmẹ́ńtì díẹ̀ lára ẹ̀. Àwọn ọmọ ẹlòmíì ń gbọ́ ìpè ìrun Àsùbá kí wọ́n tó mọ̀ pé ilẹ̀ mọ́. Èmi, imú ni mo fi ń mọ̀ ọ́n.

Ràṣídátù ọmọ ọmọ mi ló ń bá mi kọ ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀. Èmi ò mọ̀ọ́kọ, mi ò mọ̀ọ́kà. Ẹ máa tó gbọ́ ìdí ẹ̀.

Bàbá mi kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Èmi náà, ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ mí, ẹ mọ̀. Àfi tó bá rí ilé tí wọn ò rẹ́. Á dúró síwájú ẹ̀, á mi orí, á ní, "Ilé tí wọn ò rẹ́, ìhòhò ló wà." Ọ̀dọ̀ àwọn Àgùdà tó ti Bùràsíìlì dé ló ti kọ́ṣẹ́. Á fi sìmẹ́ńtì ṣe òdòdó sórí fèrèsé, kí labalábá ṣìnà bà lé e. Lójú tiẹ̀, oríṣi èèyàn méjì ni Ọlọ́run dá: àwọn tó ti rẹ́lé àti àwọn tí ò tíì rẹ́ ẹ. Àwọn kejì yẹn, kò ka ìrun wọn sí ìrun.

Ìyá mi ń ta òwú àti bọ́tìnnì ní Ìdúmàgbò. Lọ́dún tí mo gbé ọwọ́ gba orí kọjá tó kan etí kejì, bí wọ́n ṣe ń mọ ẹni tó tó ilé ìwé lọ nígbà yẹn, ó ní ó tó àsìkò. Bàbá mi ní kí n máa bá òun lọ síbi iṣẹ́. Ìyá mi dá a lóhùn pé, "Ọmọ tí a ò kọ́ ló máa ń gbé ilé tí a kọ́ tà." Ó ti ra kakí, ó ti ní kí wọ́n rán ẹ̀wù àti ṣòkòtò, ó fi kọ́ ìṣó níwájú ẹní mi. Mo máa ń wò ó kí n tó sùn bí ẹni ń wo ẹran iléyá.

Wọn ì bá ṣì máa jà á lọ, tí kì í bá ṣe Bùọ̀dá Láyíwọlá, ará Ìjẹ̀bú tó háyà yàrá nílé wa. Ó ń jíṣẹ́ fún àwọn ọ̀gá ní yunifásítì tó wà lódìkejì afárá. Tó bá ti dé nírọ̀lẹ́, kò sóhun méjì lẹ́nu ẹ̀ ju ilé ńlá tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ síbẹ̀. Ó ní irú ẹ̀ ò sí ní gbogbo Èkó. Lọ́jọ́ kan bàbá mi gbé abọ́ oúnjẹ sílẹ̀, ó ní, "Ó dáa. Ká lọ wo ilé àwọn tó mọ̀wé jù. Bí ilé wọn bá dáa, kí Músíbáù wọ kakí ẹ̀ ní Mọ́ńdè. Bí ò bá dáa, kó tẹ̀lé mi."

Kíá ni ìyá mi gbà, ó ń rẹ́rìn-ín. Obìnrin tí kì í ra ẹyọ òwú kan láì tú u wò, ó ra ilé tí kò rí.

Sátidé la wọ bọ́lẹ̀kájà. Bàbá mi wọ dáńṣíkí funfun, fìlà náà funfun. Bùọ̀dá Láyíwọlá ń na ọwọ́ bíi pé òun ló ni ilẹ̀ náà: "Ẹ wò ó, Bàbá Músíbáù! Ẹ wò ó!"

A wò ó. Kọnkéré lásán. Ó dúró lórí ẹsẹ̀ ràbàtà bí erin, àwọ̀ ẹ̀ bíi ti erin. Ojú pákó tí wọ́n fi dà á ṣì wà lára ẹ̀. Òjò ti fa ìlà dúdú wálẹ̀ lójú ẹ̀ bí ẹni tó sunkún tí kò bọ́jú. Bàbá mi ṣí fìlà. Ó lọ bá ọlọ́dẹ tó jókòó lẹ́nu ọ̀nà, ó ní, "Ẹ kú ará fẹ́ra kù o."

"Ta ló kú, Bàbá?"

"Kọngílá tó gba iṣẹ́ yìí. Àbí ó sá lọ ni?"

"Ẹnì kankan ò sá lọ, sà. Wọ́n ti parí ẹ̀. Wọ́n ti ṣí i, a ti jẹ ráìsì ẹ̀ pàápàá."

"Ráìsì?" Bàbá mi wo ilé, ó wo ọlọ́dẹ. "Ẹ jẹ ráìsì lórí ilé tí wọn ò rẹ́?"

Ọ̀gá kan tó wọ kóòtù nínú oòrùn gbọ́, ó tẹríba, ó kí wa dáadáa. Ó ní, "Bá a ṣe fẹ́ kó rí nìyẹn, sà. A ò fẹ́ fi nǹkan bò ó lójú. A fẹ́ kí ògiri máa sọ òótọ́."

Bàbá mi wò ó láti bàtà dé ọrùn. "Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yin ńkọ́ ọ̀gá, kí lẹ wá wọ kóòtù fún?"

Bùọ̀dá Láyíwọlá ń wá ibi tó máa sá sí. Ọ̀gá yẹn rẹ́rìn-ín títí ó fi bọ́ awò ojú ẹ̀.

Ibi tí wọ́n ti ń rẹ́rìn-ín ni mo ti yọ́ wọ abẹ́ ilé náà. Ibẹ̀ tutù bí inú àmù. Mo fi ọwọ́ kan ògiri. Iṣan igi wà lára ẹ̀, ojú ẹ̀ka wà níbẹ̀, bíi pé igi ló sọ ara ẹ̀ di òkúta. Gbogbo ògiri tí mo ti wọ́n omi sí láyé mi, mi ò mọ bí inú wọn ṣe rí, torí iṣẹ́ wa ni ká fi í pamọ́. Mo yọjú, mo rí ọmọge kan tó ń kàwé, atẹ́gùn ń bá a ṣí i. Mo wò ó títí. Mo fẹ́ jókòó síbẹ̀ pẹ̀lú kakí mi.

"Músíbáù! Ṣé o rí i fúnra ẹ?"

"Mo rí i, Bàbá."

"Ṣé ibi tó o fẹ́ lọ nìyẹn?"

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ gbọ́n, tẹ́ ẹ láyà, ẹ̀ bá wá bá mi dáhùn. Mo ní, "Rárá, Bàbá."

Ìyá mi ń dúró dè wá lẹ́nu ọ̀nà. Ohun tí bàbá mi sọ kò ju, "Wọn ò rẹ́ ẹ." Ìyá mi kọjú sí Bùọ̀dá Láyíwọlá: "Ṣé òótọ́ ni?"

"Òótọ́ ni, Ìyá Músíbáù, ṣùgbọ́n..."

"Ṣùgbọ́n kí ni? Ìhòhò lo wá fi ń yangàn lójú wa látọjọ́ yìí?" Ó pòṣé, ó wọlé. Oníṣòwò ni, ọjà tó bá ti gbà kì í dá a padà.

Mo wọ kakí mi ní Mọ́ńdè ṣá o, kó má baà ṣòfò. Ibi iṣẹ́ ni mo wọ̀ ọ́ lọ. Nígbà tó fi máa di Jímọ̀, sìmẹ́ńtì ti gan lára ẹ̀ débi pé ó lè dá dúró láìsí èmi nínú ẹ̀. Yunifásítì tèmi nìyẹn.

Iṣẹ́ náà bọ́ mi, mi ò lè purọ́. Ó rán àwọn ọmọ mi níwèé. Ṣùgbọ́n àwọn ilé tí èmi àti bàbá mi rẹ́, láti Ìta Fájì dé Adéníji Adélé, wọ́n ti wó èyí tó pọ̀ nínú wọn, wọ́n ti kọ́ ṣọ́ọ̀bù onígíláàsì sójú wọn. Gbogbo òdòdó bàbá mi, típà ló kó o lọ. Ìhòhò kì í pa ilé. Ó jọ pé ẹwà ló ń pa á.

Láìpẹ́ yìí, Ràṣídátù mú mi lọ sí yunifásítì yẹn. Ibẹ̀ ló ti ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń ya àwòrán ilé. Ó ní àwọn tíṣà òun sọ pé ilé yẹn rẹwà gan-an, pé àwọn èèyàn ń ti òkè òkun wá ya fọ́tò ẹ̀. A débẹ̀, a bá àwọn ọmọkùnrin lórí àkàbà. Wọ́n ń rẹ́ ẹ! Àwọn kan tẹ̀ lé wọn lẹ́yìn, wọ́n ń fi ọ̀dà olómi-góòlù kùn ún. Ràṣídátù ká ọwọ́ lérí: "Bàbá, wọ́n ń bà á jẹ́!"

Bàbá mi ì bá jó. Ẹ̀yìn ìgbà tó ti dé ọ̀run làwọn ọ̀jọ̀gbọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ wá gba ìmọ̀ràn ẹ̀. Èmi ọmọ ẹ̀, ẹsẹ̀ mi ò gbé ijó.

Mo lọ sí apá tí wọn ò tíì dé, mo fi ọwọ́ lé ògiri. Ọwọ́ ọmọ ọjọ́sí rọ̀, ògiri ló le. Ní báyìí, ọwọ́ mi ló le ju ògiri lọ. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ yẹn pariwo látòkè pé, "Bàbá, ẹ kúrò níbẹ̀ o, a ti ń bọ̀ níbẹ̀!"

Mo ní, "Ẹ má tíì dé ibí."

"Àbí ẹ̀yin lẹ nilé ni?"

"Rárá. Ibí ni mo fẹ́ wá nígbà tí mo wà lọ́mọdé."

Ọmọ tí mo jẹ́ lọ́jọ́sí ń bẹ̀rù ọkùnrin kan ṣoṣo, bàbá mi. Ọkùnrin náà ti kú tipẹ́, irun orí mi ti funfun, kí n tó lè sọ ọ́ jáde. Ẹni tí mo sì wá rí sọ ọ́ fún ni ọmọ àlejò tó gbé korobá ọ̀dà lọ́wọ́.

Ó tán, Ràṣí. Kà á sókè fún mi. Bóyá bí mo ṣe sọ ọ́ lo ṣe kọ ọ́, mi ò lè mọ̀, àfi kí n gbọ́.