Ohùn Ìyá Mi Nínú Fóònù Ìyá Kékeré

Fídíò kan ṣoṣo ló kù tí ìyá mi wà nínú rẹ̀. Ọkọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló yà á ní abà wa lẹ́yìn ìlú Ìṣẹ́, nígbà tí a ń sá kòkó. Láti ìgbà tí ìyá mi ti kú ni àbúrò wọn, tí gbogbo wa ń pè ní ìyá kékeré, ti ń bẹ̀ mí pé kí n bá àwọn fi í sínú fóònù, nítorí ulé, bí wọ́n ṣe ń pe ilé, ò dùn mọ́.

Mo wọ takisí láti Ìkẹ́rẹ́ lọ bá wọn ní Sátidé kan, mo gbé kọ̀ǹpútà mi dání. Wàhálà ibẹ̀ ni pé orin ìjọ ti kún fóònù wọn bámúbámú, wọn ò sì gbà kí n pa ọ̀kan rẹ́.

"Orin Olúwa kẹ̀?"

Mo ní kò burú, a ó fún fídíò náà bí ẹ̀gẹ́ tí a fẹ́ fi ṣe gààrí, kó lè wọlé.

Ibì kan wà tí mo ti máa yan bí àwòrán ṣe máa dára tó, ibì kan sì wà fún ohùn. Bí fóònù náà ṣe kún tó, n kò lè gbé méjèèjì sókè. Èmi olùkọ́, mi ò tiẹ̀ rò ó: mo gbé àwòrán sókè, mo rẹ ohùn sílẹ̀. Mo fẹ́ kí wọ́n rí kòkó tó tẹ́ sórí ẹní, èéfín tó ń gba òrùlé abà jáde, àti aṣọ ìró ìyá mi tó ti ṣá. Bí mo ti ń wò ó, òórùn kòkó ọjọ́ náà dé sí mi nímú. Àárò abà yẹn sọ mí, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún.

Mo fi fóònù lé ìyá kékeré lọ́wọ́. Wọ́n gbé e súnmọ́ ojú, wọ́n gbé e jìnnà, wọ́n wá gbé e sétí. Ìyá mi ń dún bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ láti inú korobá.

"Kí ni wọ́n ń wí?"

"Ẹ wo àwòrán, mà. Ẹ wo bó ṣe mọ́ kedere."

"Ọmọ mi, ojú mi è ríran mọ́. Ọwọ́ ni mo fi í mọ gbogbo ohun tó wà nínú ulé yìí. Ohùn ẹ̀gbọ́n mi ni mo ní kí o gbé wá."

Mo mọ̀ pé ojú ń dùn wọ́n, ṣùgbọ́n mi ò mọ̀ pé ó ti burú tó bẹ́ẹ̀, torí wọn kì í ráhùn. Mo tún ṣí kọ̀ǹpútà. Mo rẹ àwòrán sílẹ̀ pátápátá, títí ojú ìyá mi fi di igun-igun, tí aṣọ ìró wọn kò yàtọ̀ sí èéfín mọ́. Ojúlówó rẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́ mi, síbẹ̀ ó dùn mí. Mo wá gbé ohùn sókè dé ibi tó lè dé.

Lọ́tẹ̀ yìí, fóònù kò tíì dé etí wọn tí a fi gbọ́. Ìyá mi dúró lẹ́nu ọ̀nà abà, wọ́n ń pe àbúrò wọn tó ṣì wà nínú oko. Wọ́n fi oríkì pe ìyá kékeré ná, bí wọ́n ti máa ń ṣe, kí wọ́n tó wí pé:

"Ọmọ iyé mi o! Wá ulé o, uṣu ti jinná!"

Nílé wa, bí àgbà bá fi oríkì pe èèyàn, a kì í dákẹ́. Ìyá kékeré gbé orí sókè, wọ́n kọjú sí ọ̀nà oko.

"Mò ń bọ̀ o! Ẹ̀gbọ́n mi, mò ń bọ̀!"

Fídíò náà parí. Wọ́n na fóònù sí mi.

"Jẹ́ kí wọ́n tún pè mí."