Wọ́n Ní Bàbá Òkè-Bùkún Ti Kú

Àwa mẹ́ta la dá ìwé ìròyìn wa sílẹ̀ ní Kàbà. Ọ̀kan ń ya fọ́tò, ìkejì ń wá ìpolówó, èmi ń kọ ìròyìn. Nígbà tí gbogbo ayé bẹ̀rẹ̀ sí í kàwé lórí fóònù, àwọn tó ń bá wa tà á kó o padà fún wa. Ayàfọ́tò bá ọmọ rẹ̀ lọ sí Àbújá. Ìkejì rí iṣẹ́ ìjọba ní Lọ́kọ́ja. A ò jà. Wọ́n kàn lọ ni. Èmi ṣì ń ṣílẹ̀kùn láàárọ̀, mo ń gbálẹ̀, mo ń jókòó.

Nígbà tí agbára ìwé títẹ̀ ò sí mọ́, mo bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ìròyìn sínú fóònù, mo ń fi ránṣẹ́ lórí Wásáàpù. Èdè Owé, Yorùbá tiwa ní Kàbà, ni mo fi ń sọ ọ́, kí àwọn ọmọ wa tó wà níta lè gbọ́ bí ilé ṣe ń sọ̀rọ̀. Màá sọ̀rọ̀ tán nínú yàrá òfìfo, kò sí ẹni tó máa ní ó dáa tàbí kò dáa.

Lọ́jọ́ kan, fọ́tò bàbá kan, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì ní Òkè-Bùkún, gba orí Fesibúùkù. Wọ́n ní ó ti kú. Àwọn tó ń gbọ́ ìròyìn mi ní kí n kéde rẹ̀ kíákíá. Mo pe àwọn tí mo mọ̀. Kálukú ní òun náà kà á ni. Ni mo bá gun ọ̀kadà, mo forí lé ọ̀nà.

Mo bá bàbá lábẹ́ igi máńgòrò, ó ń bó ẹ̀gúsí. Mo dọ̀bálẹ̀, mo kí i bí a ṣe ń kíra nílé.

"Òkun o, bàbá."

"Òkun, ọmọ mi. Ta ló rán ẹ?"

Mo sọ fún un pé wọ́n ní ó ti kú. Kò bínú. Ó bó ẹ̀gúsí díẹ̀ sí i.

"Àwọn tó ń dárò mi, ṣé wọ́n pọ̀?"

"Wọ́n pọ̀, bàbá."

"Láti ìgbà tí òjò ti dá, ìwọ lẹni àkọ́kọ́ tó yà sílé mi."

Ìyàwó rẹ̀ ti ṣaláìsí, fóònù rẹ̀ ti bàjẹ́, àwọn ọmọ rẹ̀ wà l'Ékòó àti ìlú òyìnbó. Mo gbé fóònù mi sún mọ́ ọn, mo ní kó sọ ohun tó bá wù ú. Ó wúkọ́. Ó pe àwọn ọmọ rẹ̀ bí wọ́n ṣe tẹ̀ léra, ó ní òun ti jẹun, pé iṣu òun ta. Ó wá ní: "Ẹ máa wá mi kí n tó kú."

Níbi tí nẹ́tíwọ̀kì ti wọlé lójú ọ̀nà ni mo ti fi ohùn bàbá ránṣẹ́ sórí Wásáàpù. Kí n tó dé Kàbà, ọmọbìnrin rẹ̀ ti pè mí láti Èkó. Ẹkún ló kọ́kọ́ sun.

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ fọwọ́ kàn án?"

"Mo fọwọ́ kàn án. Ó fún mi ní ẹ̀gúsí."

Láti ọjọ́ náà, àwọn èèyàn kì í ṣọ̀fọ̀ kí wọ́n tó gbọ́ ti ẹnu wa. Ìkéde òkú àti ti ìgbéyàwó ń wọlé, àwọn oníṣòwò náà ń gbé ìpolówó wá, orúkọ ìwé ìròyìn wa ò sì parẹ́. Ọmọbìnrin yẹn ra fóònù fún bàbá. Nígbà míì lọ́sàn-án, bàbá á pè mí, kì í ṣe torí ìròyìn.

"Ṣé ẹnì kan wà lọ́dọ̀ rẹ?"

"Rárá o, bàbá."

"Kò sẹ́nì kankan lọ́dọ̀ èmi náà."

A ó wá dákẹ́. Mo máa ń gbọ́ àwọn adìyẹ rẹ̀ lẹ́yìn, àwa méjèèjì ò sì ní tètè pa fóònù.