Ìgbà Tí Mo Ń Wá Orísun Ọ̀rọ̀ Òyìnbó

Mo ṣì rántí bí ìró ṣíbí lára abọ́ ṣe máa ń gba gbogbo ilé wa ní Ugbor lọ́dún tí ìyàwó mi kú. Èmi àti ọmọbìnrin wa kan ṣoṣo la kù nídìí tábìlì, a kì í sì í sọ̀rọ̀. Iṣẹ́ ìjọba ló gbé wa láti Àkúrẹ́ wá sí Benin, a kò ní ẹbí kankan nítòsí. Ọmọ náà ń lọ bí ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún. Bí mo bá fi Yorùbá bi í léèrè bó ṣe wà, yóò ní, "I'm fine, Daddy," yóò kó abọ́, yóò wọ yàrá, yóò sì ti ilẹ̀kùn.

Ìyá ìyàwó mi a máa pè mí lórí fóònù. "Ohun tó bá ojú ti bá imú o. Ẹ bá ọmọ yẹn sọ̀rọ̀." Màá ní mo gbọ́. Ṣùgbọ́n èmi tí ẹnu mi kì í sinmi ní ìpàdé ọ́fíìsì, n kò mọ ibi tí wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Mo ti kó gbogbo ẹrù ìyá rẹ̀ pamọ́. Mo rò pé bí a kò bá dárúkọ rẹ̀, ọgbẹ́ yóò tètè jinná.

Ìwé ìtàn kan tí olùkọ́ ọmọ náà ní kí wọ́n kà ní kíláàsì ló ṣínà fún mi. Ìwé òyìnbó àtijọ́ ni, Gẹ̀ẹ́sì inú rẹ̀ le bí eegun. Mo bá ra ìwé atúmọ̀ èdè ńlá kan, irú èyí tí ń sọ ibi tí ọ̀rọ̀ ti ṣẹ̀ wá, mo ń kà á ní ọ́fíìsì bí ẹni tó fẹ́ ṣe ìdánwò. Bí mo bá délé, màá dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá rẹ̀, màá bẹ̀rẹ̀ ìdánilẹ́kọ̀ọ́. Mo sọ fún un pé "nice" tí wọ́n fi ń yin ènìyàn lónìí, òpè ló túmọ̀ sí nígbà kan. Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. Inú mi dùn débi pé mo tún da ọ̀rọ̀ mìíràn lé e lórí, òmíràn tún tẹ̀ lé e, ni ó bá ki íápíìsì bọ etí.

Lọ́sàn-án Sátidé kan, òun fúnra rẹ̀ ló pè mí. Olùkọ́ bi wọ́n ní ìbéèrè nípa ọmọ òrukàn inú ìtàn náà. Ìwé ní ọmọ náà "want" ìyá, òun sì ti kọ ọ́ pé ó ń fẹ́ ìyá. Mo tún ìjókòó mi ṣe.

"Rárá o," mo ní. "Láyé ọjọ́un, àìní ni ọ̀rọ̀ yẹn túmọ̀ sí. Ẹ̀yìn ìgbà náà ló tó di fífẹ́. Ohun tí ìwé ń sọ ni pé ọmọ náà kò ní ìyá."

Ó wo ìwé náà títí. Nígbà tí yóò sọ̀rọ̀, Yorùbá ló fi sọ ọ́, Yorùbá tó ń kọsẹ̀.

"Dádì, ìyàtọ̀ wo ló wà níbẹ̀? Èmi ò ní, mo sì ń fẹ́."

Mo pa ìwé atúmọ̀ èdè mi dé. "Èmi náà, ọmọ mi," ni mo wí, omi sì bọ́ lójú mi níwájú rẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́.

Nígbà tí ẹkún rọlẹ̀, ó sọ ohun tí n kò mọ̀ nípa ìyàwó ara mi. Ó ní bí òun àti ìyá rẹ̀ bá jọ lọ sí ọjà Ekiosa, èdè Bìní tí ìyá rẹ̀ kò gbọ́ ló fi ń ná ọjà. Orúkọ ẹja ló fi ń béèrè iyọ̀. Àwọn ìyá ọlọ́jà á pariwo pé, "Madam, which kain Bini be dis?" wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á sì bu ènì fún un. Èmi kò bá wọn lọ sọ́jà rí.

N kò ní pé gbogbo nǹkan dùn láti ọjọ́ náà. Ilẹ̀kùn yẹn ṣì ń tì lọ́jọ́ mìíràn. Ọmọ náà ti wà ní yunifásítì ní Ìbàdàn báyìí, èmi nìkan ló kù. Igi kan kì í dá igbó ṣe, bẹ́ẹ̀ ni mo ń gbé bí igi kan. Mo ti rò pé ìdákẹ́ mi ń ṣàánú ọmọ náà, àṣé ebi kan náà ló ń pa wá, tí oníkálukú ń fi pamọ́ fún ẹnìkejì. Ó máa ń pè mí nírọ̀lẹ́ ọjọ́ Ìsinmi. Bí ìròyìn bá tán lẹ́nu wa, a kì í yára gé fóònù. Mo ń gbọ́ tí epo ń ta lórí iná rẹ̀, òun náà ń gbọ́ tí mo ń mí.