Kòkó Tí Silas Kò Padà Lọ Kó

Igba náírà ó lé ọgọ́rin ni Silas Oyèníyì jẹ mí lọ́dún 1988. Owó ilé oṣù méje ni, ogójì náírà lóṣù fún yàrá àti pálọ̀. Ẹni tó bá rántí àsìkò SAP, tí gbogbo nǹkan wọ́n, yóò mọ̀ pé n kò gba owó gọbọi lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìjọba kò sanwó oṣù, akọ̀wé kékeré ní ọ́fíìsì ìjọba ní Alágbàká ní Àkúrẹ́ sì ni Silas. Kò sí ibòmíràn tí owó ti ń wọlé fún un.

Ọmọ Oǹdó ni, ọmọ ìjọ Áńgílíkà, ẹni tí kì í pariwo. Láti ilé mi lẹ́yìn Ọjà Ọba, ẹsẹ̀ ló fi ń rìn lọ síbi iṣẹ́, kí ó lè fi owó takisí ra wàrà fún ọmọ. Nígbà tí kọ́là ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ gbó, Wúràọlá ìyàwó rẹ̀ tú u, ó yí i padà, ó tún un rán, ẹ kò ní mọ̀. Gbèsè wà lọ́rùn rẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ kò fara pamọ́ fún mi rí. Àwọn ayálégbé mìíràn a máa gba ẹ̀yìnkùlé jáde tí wọ́n bá ti gbọ́ ikọ́ mi. Silas á wá dọ̀bálẹ̀ láàárọ̀, á ní, "Bàbá Lánlọ́ọ̀dù, gbèsè yín kò sùn o."

"Èmi náà kò sùn," ni n óò dá a lóhùn.

Ní oṣù kẹwàá ó gbé ìmọ̀ràn kan wá. Ìyá rẹ̀ ń kórè kòkó ní káńpù tí bàbá wọn fi sílẹ̀. Káńpù ni àwọn ará Oǹdó ń pe abà oko wọn: ilé amọ̀ kan tàbí méjì láàárín igbó kòkó, tí ìdílé máa ń kó lọ gbé fún ọjọ́ mélòó kan nígbà ìkórè. Kòkó sì gbówó lórí lọ́dún yẹn. Ó ní òun yóò kó ìyàwó àti ọmọ lọ síbẹ̀, kí wọ́n jẹ iṣu tí wọn kò fowó rà, kí kòkó gbẹ, kí òun tà á, kí òun san gbèsè.

"Kí ni kò ní jẹ́ kí n bá yín lọ?" ni mo bi í. "Kí n fojú ara mi rí owó mi bó ṣe ń gbẹ."

Ó rẹ́rìn-ín. "Ẹ máa bọ̀, sà. Ṣùgbọ́n ẹ̀fọn ibẹ̀ kò mọ lánlọ́ọ̀dù."

Fọláhànmí ni orúkọ ọmọ náà, ọmọbìnrin. Kò tíì pé ọdún méjì, ó ń sáré kiri, ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ kò sì ju díẹ̀ lọ. Ẹni tó bá ti gbé irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lọ sùn sóko rí yóò mọ ẹrù tó wà níbẹ̀: ìtẹ́dìí, póò, ògì, oògùn ibà, àwọ̀n ẹ̀fọn. Ẹrù ọmọ kan ju tàwọn àgbà mẹ́ta lọ. Awakọ̀ gbowó ẹrù lọ́wọ́ wa láti Àkúrẹ́ dé Oǹdó, ó tún ku ti ọkọ̀ akẹ́rù tó gbé wa wọgbó. Èmi ni mo san tìyẹn.

Ìyá Silas ti ń retí wa. Màmá ni gbogbo wa ń pè é, arúgbó tí ẹ̀yìn rẹ̀ kò tíì tẹ̀, tí ojú rẹ̀ sì mú. Kí wọ́n tó sọ ọmọ kalẹ̀ ló ti sọ òfin ibẹ̀ fún wa: nínú igbó kòkó yẹn, ẹnikẹ́ni kì í pe ènìyàn lórúkọ. Tí o bá ń wá ẹnì kan, húù ni wàá ké, òun náà á ké húù padà.

"Nítorí kí ni, Màmá?" ni Wúràọlá béèrè.

"Nítorí pé ẹni tí o pè nìkan kọ́ ló létí."

Wúràọlá kò jiyàn. Ohun tí a ṣe lẹ́yìn náà ni àṣìṣe, gbogbo wa la sì jọ ṣe é. Ọmọ gbọ́ tí à ń ké húù, òun náà bẹ̀rẹ̀ sí í ké e. Ó dùn mọ́ wa. Silas á lọ sẹ́yìn igi, á ké, ọmọ á dáhùn "Úù!", á sáré lọ bá a. Màmá fúnra rẹ̀ rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. "Ọmọ oko gidi! Ẹ wò ó, Bàbá Lánlọ́ọ̀dù, èyí kì í ṣe ará Àkúrẹ́ yín o." A kọ́ ọmọ tí kò tíì lè dá ohùn mọ̀ pé kí ó máa dá ẹnikẹ́ni tó bá ké lóhùn. Kò sí ẹni tó rò ó nínú wa.

Lọ́jọ́ Sátidé mo jókòó ti ẹní tí wọ́n sá kòkó sí, mo ń tú u kí oòrùn lè dé abẹ́ rẹ̀. Ọmọ ń ṣeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Lójijì ó gbójú sókè, ó kọjú sínú igbó, ó ní, "Úù!" Mo wò yíká. Silas wà lórí òrùlé, ó ń dí ibi tó ń jò. Wúràọlá ń fọṣọ. Màmá ń gúnyán. Kò sí ẹni tó ké. Ọmọ dúró bí ẹni tó ń fetí sí èsì, ó rẹ́rìn-ín, ó tún dáhùn. Mo sọ fún ara mi pé ẹyẹ ni.

Nígbà tí à ń jẹun, ó juwọ́ sí ìdí igi kòkó, bí a ṣe ń juwọ́ sí ẹni tó ń relé.

"Ta lò ń juwọ́ sí?" ni ìyá rẹ̀ bi í.

"Màmá," ni ọmọ wí.

Màmá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ níbẹ̀, ó ń yọ egungun ẹja fún un. Ó gbé àwo sílẹ̀. N kò rí ẹ̀rín lẹ́nu rẹ̀ mọ́ lálẹ́ ọjọ́ yẹn.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, òjò ṣú. Gbogbo wa sáré lọ fi tapólì bo kòkó. Silas mú etí kan, èmi mú èkejì, Wúràọlá ń kó òkúta tí a ó fi tẹ̀ ẹ́, Màmá ń ká aṣọ. Ìgbà tí a máa fi wẹ̀yìn, ọmọ kò sí níbẹ̀.

"Màmá, ṣé ọ̀dọ̀ yín ló wà?"

"Ọ̀dọ̀ mi kẹ̀? Ọ̀dọ̀ rẹ ni mo rò pé ó wà!"

Silas ké húù. Ọmọ dáhùn lápá òsì, kò jìnnà, ohùn rẹ̀ gan-an, pẹ̀lú ẹ̀rín rẹ̀. A sáré débẹ̀. Ewé gbígbẹ lásán. Wúràọlá ké. Ọmọ dáhùn lápá ọ̀tún, lọ́ọ̀ọ́kán, níbi tí ẹsẹ̀ irú ọmọ bẹ́ẹ̀ kò lè yára gbé e dé. Mo ní ohùn ló ń gbá igi. Mo sọ ọ́ sókè kí ọkàn ìyá ọmọ lè balẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tó yá, ìdáhùn bẹ̀rẹ̀ sí í wá kí a tó ké. Níwájú, lẹ́yìn, lápá odò. Ohùn ọmọ kan náà, ẹ̀rín kan náà.

"Ẹ dákẹ́!" ni Màmá wí. "Ẹ má ké mọ́. Kì í ṣe ọmọ yín lẹ̀ ń bá sọ̀rọ̀."

Wúràọlá lanu láti pe orúkọ. Silas fọwọ́ bò ó lẹ́nu. "Jọ̀ọ́, má pè é. Tí wọ́n bá tún mọ orúkọ rẹ̀, kí ló kù fún wa?"

Ó gbá ọwọ́ rẹ̀ dànù. "Ọmọ mi ni! Kí ni kí n wá pè é?"

Bọ́ràn ṣe rí nìyẹn. A kò lè ké, a kò lè pe orúkọ, òjò ti ń kán, ilẹ̀ sì ń ṣú. Silas dúró bí ẹni tó ń ṣírò nǹkan. Lẹ́yìn náà ó jókòó sórí gbòǹgbò igi, ó bọ́ bàtà rẹ̀. Mo rò pé orí rẹ̀ ti dàrú. Nílé ní Àkúrẹ́, tí ó bá ti ibi iṣẹ́ dé, á bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà, á gbá wọn mọ́ra kí eruku lè kúrò, ìgbà náà ni ọmọ á sáré jáde wá dì mọ́ ọn lẹ́sẹ̀. Igbó yẹn kò gbọ́ ìró náà rí. Ó gbá bàtà méjèèjì mọ́ra: pá, pá, pá.

Gbogbo húù dákẹ́. Kòkòrò pàápàá dákẹ́. Ó tún gbá wọn. Ewé bẹ̀rẹ̀ sí í ró ní ìṣísẹ̀ kéékèèké, Fọláhànmí sì jáde láàárín igi méjì tí a ti wò tẹ́lẹ̀. Òjò kò kàn án lára. Ààbọ̀ kòkó kan wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń lá funfun inú rẹ̀.

Màmá gba kòkó náà, ó yí i wò. Àdá ni wọ́n fi là á, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo, ó gún régé. Àdá wa méjèèjì sì wà lẹ́nu ọ̀nà ilé.

"Ta ló là á fún ọ?"

Ọmọ nawọ́ sẹ́yìn. "Màmá."

Silas gbé e lé èjìká. Ọmọ ń mu hóró kòkó lẹ́nu. Ìgbà yẹn la gbọ́ ọ, níbi tó ti jáde gan-an: "Úù!" Ohùn Fọláhànmí ni. Ẹnu Fọláhànmí sì wà ní pípadé, gbogbo wa la rí i. Ọmọ yíjú padà, ó fẹ́ dáhùn. Silas fi àtẹ́lẹwọ́ bò ó lẹ́nu.

"Ó yá, ẹ jẹ́ ká lọ," ni Màmá wí.

"Kòkó ńkọ́?" ni mo béèrè.

Silas gbé ọmọ fún mi, ó ní òun nílò ọwọ́ méjèèjì. Ó ṣíwájú wa láìwọ bàtà nínú ẹrẹ̀, ó ń gbá bàtà náà mọ́ra títí a fi dé títì. Nígbàkígbà tí apá bá ń ro ó, tí ó bá sinmi díẹ̀, a máa ń gbọ́ ọ lẹ́yìn wa, ó sì ń sún mọ́ wa sí i. Ọmọ á gbórí sókè, n óò bò ó lẹ́nu, Silas á tún bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí a fi rí iná ọkọ̀ akẹ́rù, awọ ìka rẹ̀ ti bó.

Ogún náírà ni awakọ̀ ní ká san dé Oǹdó. Ìrẹ́jẹ ni. Mo san án, n kò dúnàá dúrà.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, ẹnì kan láti káńpù tó múlé gbe tiwọn wá kí Màmá kú iṣẹ́ ní Oǹdó. Ó ní kòkó Màmá ti gbẹ dáadáa, wọ́n ti dì í sápò méjì, wọ́n ti ran ẹnu àpò, ó wà lẹ́nu ọ̀nà. Ìgbà wo ni wọ́n ń bọ̀ wá gbé e?

Silas wá sọ ọ́ fún mi. "Bàbá, àpò méjì kọjá gbèsè yín dáadáa. Tí ẹ bá ní kí n lọ, n óò lọ."

Mo ti ṣírò rẹ̀ kí ó tó dákẹ́. Fọláhànmí ń sáré bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀ ní ọ̀ọ̀dẹ̀.

"Ta ló di àpò náà?" ni mo bi í.

"Wọn kò mọ̀, sà."

"Tí o bá gbé e, o jẹ onítọ̀hún lówó iṣẹ́ nìyẹn. O sì mọ ohun tí ó fẹ́ gbà. Gbèsè tèmi ni kí o máa jẹ."

Kò lọ. Nígbà tí ìjọba tún bẹ̀rẹ̀ sí í sanwó, ó ń san owó oṣù tuntun déédéé. Igba náírà ó lé ọgọ́rin yẹn wà nílẹ̀ títí wọ́n fi kó lọ sí Ìlárá-Mọ̀kín, ó sì wà nílẹ̀ dòní. N kò béèrè rẹ̀.