Sọ́kẹ́ẹ̀tì Ẹ̀yìn Fìríìsà

Òórùn ike tó jóná ṣì kún pálọ̀ nígbà tí Yèyé, ìyá bàbá mi, kúnlẹ̀ sẹ́yìn fìríìsà, tó ní kí n tan tọ́ọ̀ṣì sí ògiri. Láàárọ̀ ni sọ́kẹ́ẹ̀tì náà ta pàrà, tí ojú rẹ̀ dúdú. Oníṣẹ́ iná ìlú wa ti lọ síbi òkú ní Èrúkù, ẹnikẹ́ni ò sì mọ ìgbà tí yóò dé. Yèyé ní òun ò ní káwọ́ lẹ́rán kí ilé jó mọ́ wa lórí.

Nígbà tí wọ́n mú iná lọ lọ́sàn-án, ó jáde sídìí mítà. Mo gbọ́ tí súìṣì ńlá ró kàà, ó ti pa á. Ó wọlé padà, ó mú sukudiráfà àti sọ́kẹ́ẹ̀tì tuntun.

Èkó làwọn òbí mi wà. Èmi àti òun nìkan la jọ ń gbé iwájú ilé. Bí iná bá gbé e, ta ni mo ní?

“Di tọ́ọ̀ṣì mú dáadáa, ọmọ mi. Àbí ijó lo wá jó?”

Ó tú sọ́kẹ́ẹ̀tì kúrò, ó ń fi ọ̀bẹ ha ẹnu wáyà tó jóná, ó sì ń kun orin ṣọ́ọ̀ṣì lábẹ́ ètè. Àfi bí àwọn ọmọ ìsàlẹ̀ àdúgbò ṣe pariwo: “Uná ti dé o!” Rédíò aládùúgbò bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀. Ilé tiwa nìkan ló dákẹ́.

Ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ṣí. Tísà tó háyà yàrá lọ́dọ̀ wa ni. Bí iná bá dé tí tiwa ò dé, kì í bi ẹnikẹ́ni, ìdí mítà ló máa ń sáré lọ. Mo ń gbọ́ sálúbàtà rẹ̀ lọ́nà ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ìgbà tí mo fi kígbe pé, “Tísà, ẹ má tan án!” súìṣì ti ró kàà. Mo dijú.

“Màmá, kí ló dé tí iná tiwa ò tàn?” Ohùn Tísà ló mú mi ṣí ojú.

Ìka Yèyé ṣì wà lára wáyà. Ó fi ọwọ́ kejì tú etí ìró rẹ̀, ó yọ fíúsì mítà jáde. “Òun rèé, mo ti yọ ọ́. Mo mọ̀ ẹ́, oníwàdùwàdù. Nínú ulé yìí, súìṣì nìkan ò tó mi.”

Ó ń rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n nígbà tí Tísà tọrọ àforíjì tó lọ, Yèyé jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

“Ẹ̀rù bà mí, ọmọ mi,” ó ní. “Ẹ̀rù bà mí gan-an.”

Lẹ́yìn náà ló tún kúnlẹ̀, ó de sọ́kẹ́ẹ̀tì tuntun mọ́ ògiri.

Ìlọrin ni mo ń gbé báyìí, èmi ni mo sì ń pààrọ̀ sọ́kẹ́ẹ̀tì ilé mi. Kódà tí mo bá ti pa gbogbo ohun tó yẹ ní pípa, ara mi kì í balẹ̀. Ọkọ mi máa ń fi mí ṣẹ̀fẹ̀ pé kí ló ń bà mí lẹ́rù. Ẹ̀rù ba ẹni tó kọ́ mi, ó sì parí iṣẹ́ rẹ̀.